Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí àti Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Jẹun

Ìkìlọ̀ tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí wọ orí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, bí mo ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìjíròrò kan lórí fóònù ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Bó ṣe kà nìyí: "Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ, tí wọ́n ń fi wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ tà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ tí kì í jẹun. Irọ́ ni. Ọmọ wo ni kì í jẹun? Oníjìbìtì ni wọ́n. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kó tó pẹ́ jù."

Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣebí a rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀ láàárín wa? Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀." Èmi ló ń bá wí.

Mo tẹ èsì, mo sì tún pa á rẹ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé irọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn, n kò sọ gbogbo òótọ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé òótọ́ ni, mo ba orúkọ àwọn tí kò jalè jẹ́. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ìkìlọ̀ yẹn nàka sí. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi láti kọ ọ́ kalẹ̀. Níbi tí mo bá ti ní mo rí i, ojú mi ló rí i. Níbi tí mo bá ti ní mo gbọ́ ọ, gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin mi ni àbíkẹ́yìn. Ó ti parí girama, ó ń dúró de yunifásítì. Àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lásìkò ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbà. Gbogbo ilé la jọ gbà á. Nígbà tí ààwẹ̀ parí, tiwa parí, tirẹ̀ kò parí. Bí mo bá bu oúnjẹ fún un, á ní òun ti jẹ nílé ọ̀rẹ́ òun. Bí mo bá bi ọ̀rẹ́ náà, ọ̀rẹ́ á wolẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbá ẹ̀yìn táńkì omi wa, mo bá ẹ̀bà tó ti bu nínú ọ̀rá, ọ̀rá lórí ọ̀rá. Mo mọ ẹ̀bà mi. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Àwọn aládùúgbò ní ọgbẹ́ inú ni. Ìyá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìlódè, ní ọwọ́ ayé ni. Bàbá ọmọ ní àṣejù ni, kí n fi í sílẹ̀, ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Dókítà ló sọ fún wa pé àìsàn ni, pé inú ọkàn ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ikùn, pé ọmọ náà ń bẹ̀rù oúnjẹ bí ẹlòmíràn ṣe ń bẹ̀rù ejò. Dókítà kan náà ló ní ẹgbẹ́ kan wà ní Modákẹ́kẹ́ tó ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àti pé ẹgbẹ́ náà kì í gba owó.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kọ mí lóminú. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlódè lásìkò tí mo dàgbà á mọ ìdí tí mo fi ní kí dókítà tún un pè nígbà tí mo gbọ́ Modákẹ́kẹ́. Ìjà àárín àwa àti àwọn ti parí, a jọ ń ra, a jọ ń tà, a sì ń fẹ́ ọmọ ara wa. Síbẹ̀ mo ní kó tún un pè. Ti owó tí wọn kì í gbà ló tún wá burú jù. Ẹni tí kò bá gba owó lọ́wọ́ mi, kí ló fẹ́ gbà?

Mo mú ọmọ mi lọ ṣáá. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni ibẹ̀, lẹ́yìn ilé ìyá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn ọmọ ń pè wọ́n ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, èmi náà á pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sí dígí kankan nínú gbọ̀ngàn náà, kò sì sí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn. Àwọn ọmọbìnrin náà á jọ jẹun lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn jáde.

Mo béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn oúnjẹ.

"Màmá, ẹ̀yìn oúnjẹ ni ogun wọn máa ń gbóná jù," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n á fẹ́ lọ bì í. Tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu nǹkan tó gba ojú àti sùúrù, oúnjẹ á ráyè wálẹ̀."

Èsì yẹn dára. Ó dára débi pé mo fura sí i.

Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jọ. Ẹgbẹ́ náà wá pinnu pé àwọn á máa tà á, kí owó rẹ̀ lè máa gbé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lágbára lọ rí dókítà. Wọ́n mú àǹtí kan tó mọ iṣẹ́ náà wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ: ti ọwọ́, ti ọrùn, àti ti ìdí. Ti ìdí ló yá lọ́jà jù lọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ́ràn rẹ̀.

N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ń ṣọ́ wọn. Mo máa ń gbé ẹ̀gúsí tí mo fẹ́ bó dání, mo sì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Mọ́mì, ẹ̀gúsí yín yìí kì í tán?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bi mí.

"Tó bá tán, ṣé ìwọ lo máa sè é?"

"Ẹ jẹ́ kó tán ná. Ó jọ pé ẹ̀ ń gbìn ín padà ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo bó ẹ̀gúsí mi lọ.

Mo fura sí fóònù tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìlẹ̀kẹ̀, bóyá wọ́n ń ya ojú ọmọ mi mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Ọwọ́ nìkan ni mo rí níbẹ̀, ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Mo fura sí tíì tí wọ́n ń fún wọn. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, wọ́n bu fún mi, mo tọ́ ọ wò. Tíì lásán ni, ṣúgà ló tiẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fura sí owó. Mo wá ìyá kan kàn tí wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ rí dókítà, ó ní òótọ́ ni, wọ́n tiẹ̀ san owó ọkọ̀ òun pẹ̀lú. Èyí, gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo ń wá kò sí níbẹ̀. Àmọ́ nílé, ìyípadà ti dé.

Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Modákẹ́kẹ́, jíjẹun rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Á jẹ mọ́ínmọ́ín tán, á tún fi ìka nu ewé rẹ̀. Láti ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ títà ti bẹ̀rẹ̀, ó tún ń fi ìdajì sílẹ̀. Ó ń wọ bùbá ńlá nínú ooru. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kọrin kiri ilé. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Nígbà àìsàn àkọ́kọ́, bí kò bá ti jẹun, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Báyìí, kò jẹun, ó sì ń kọrin.

"Ta ló ń yìn ọ́?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Yìn mí nítorí kí ni, Mọ́mì?"

"Mi ò mọ̀. Mò ń béèrè ni."

"Ẹ̀yin náà, ẹ tún ti ń fura sí orin."

"Olórin tí kò bá jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, mo fura sí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo lọ fọ̀ kí n tó rí ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ náà gbé tábìlì lọ sí Ẹnuwá. Tẹ́lẹ̀, orí fóònù àti ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tà á. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé wọn. Oòrùn mú gan-an. Wọ́n ta ìbòrí kan sórí tábìlì, mo dúró sí ẹ̀yìn, níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ ẹni tó ń gba owó. Ẹ rí i pé ibi owó náà ni ojú mi ṣì wà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan dé, wọ́n ń yẹ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wò. Ọmọbìnrin tó ń tajà bi wọ́n pé, "Sáìsì wo lẹ fẹ́?"

"Kékeré ni," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

Ọmọbìnrin náà pe ọmọ mi. Ọmọ mi dìde lórí àga, ó na apá méjèèjì sókè. Kò béèrè ohunkóhun, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà náà fa bùbá ọmọ mi mọ́ ọn lára, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ yí i nídìí lórí aṣọ, ó ki ìka kan bọ àárín ìlẹ̀kẹ̀ àti ara rẹ̀. "Ó péye," ló wí. "Kékeré nìyí."

"Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ kí n lè tètè mọ̀ bí mo bá ti ń sanra," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. Ó wo ọmọ mi láti òkè délẹ̀. "Àbúrò, ìdí rẹ dáa o. Lẹ́pa gidi. Kí lo máa ń jẹ?"

"Atẹ́gùn," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ ṣì wà lókè. Mo mọ ẹ̀rín ọmọ mi. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n pè jáde níwájú gbogbo kíláàsì pé òun ló gba ipò kìíní ni.

Nígbà tí wọ́n ti lọ, mo súnmọ́ ọmọbìnrin tó ń tajà. N kò gbóhùn sókè. "Ṣé báyìí lẹ máa ń wọ̀n ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. A kì í lo téèpù. Èmi ni àárín. Ẹni tó ń kó ẹrù bọ̀ yẹn ni ńlá. Ọmọ yín ni kékeré."

"Ta ló yàn yín bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí wa ni. Wọ́n ní téèpù kì í mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń jókòó sídìí ènìyàn, pé ara ló mọ̀ ọ́n."

Bí àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, n kò lè bá àǹtí náà jà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ irú àwọn ọmọ wo ló wà nítòsí níbí?

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ń bá mi bẹ iṣu. Ìyá mi jókòó sí ìdí ààrò.

"Tí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré yẹn kò bá gbà ọ́ mọ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Á gbà mí."

"Mo ní tí kò bá gbà ọ́."

Ó bẹ iṣu díẹ̀ sí i. "Wọ́n á mú ẹlòmíràn nìyẹn. Ọmọ tuntun kan wà níbẹ̀ tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ń dúró."

"Ó ń dúró de kí ni?"

"Dè mí kí n sanra."

Mo nawọ́ kàn án ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, bí mo ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ọwọ́ mi kan ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ bùbá rẹ̀. Kò sá. Ó ní, "Òun ni mo fi ń mọ̀ bí mo bá ti jẹ jù, Mọ́mì. Tó bá ti fẹ́ fún mọ́ mi lára, màá dá oúnjẹ dúró."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láyé tiwọn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n máa ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ nídìí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá gba ọmọ mọ́, wọ́n á já a, wọ́n á sín èyí tó gùn jù ú lọ. Ìyá mi ló ṣe é fún ọmọ mi yìí náà.

"Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ kò gbà ọ́ mọ́, mo gbé ọ jó," ni wọ́n sọ fún un. "Mo gbé ọ fi han gbogbo agbolé. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò bá fún ọmọ mọ́ra, ìyá ọmọ yẹn kì í sùn. Ta ló wá kọ́ ọ pé kí ìlẹ̀kẹ̀ máa tóbi jù ọ́ lọ?"

Ọmọ mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Modákẹ́kẹ́ kí àwọn ọmọ tó dé. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń to àwo.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀gúsí dà?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò gbé e wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá."

Mo sọ ohun tí mo rí ní Ẹnuwá fún wọn, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ohun tí ọmọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo wá ní, "Ẹ ò jẹ́ kí dígí wọ ilé yìí, mà. Ẹ ò jẹ́ kí òṣùwọ̀n wọ̀ ọ́. Ẹ wá fi ọmọ mi ṣe òṣùwọ̀n."

"Nǹkan ẹ̀ṣọ́ tiwa ni ìlẹ̀kẹ̀, màmá," ni wọ́n dáhùn. "Mo rò pé á jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ni."

"Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, ẹ bi wọ́n."

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, Ìyá Nọ́ọ̀sì bi wọ́n. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú yàrá, èmi dúró síta. Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo máa ń jókòó sí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọmọ tiyín nìkan." Àwọn mìíràn náà ti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí. Ọmọ tí wọ́n pè ní ńlá kò tíì jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀. N kò tiẹ̀ ro tirẹ̀ rárá.

Ṣé Ìyá Nọ́ọ̀sì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́? Mo rò pé wọn ò mọ̀. Mo kọ "mo rò." Ìlẹ̀kẹ̀ ń tà, inú àwọn ọmọ ń dùn, owó dókítà ń wọlé. Ó máa ń ṣòro kí ènìyàn wo ẹ̀yìn ohun tó ń lọ déédéé. Mo ṣì ń wo àǹtí onílẹ̀kẹ̀ náà láwòfín, àmọ́ n kò tíì rí ohun tó burú lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Wọ́n dá ìlẹ̀kẹ̀ ìdí dúró. Àwọn ọmọ já gbogbo èyí tó kù sínú bàsíà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe báàgì, pọ́ọ̀sì àti aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ọjà náà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ní láti dúró kí wọ́n tó rí dókítà. N kò lè sọ pé ìyẹn kò dùn mí.

Ọmọ mi bínú sí mi. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ, ẹ ti gbà á," ló wí. Kò lọ sí Modákẹ́kẹ́ mọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló wá bá a ní Ìlódè, wọ́n gbé àwo ìlẹ̀kẹ̀ sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní báàgì kan ti lọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé kó bá àwọn wò ó. Mo fura pé àwọn fúnra wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ọ. Mo gbé àga fún wọn. Ọmọ mi tú u, ó tún un sín. Ní ọ̀sán, Ìyá Nọ́ọ̀sì bá wa jẹ ẹ̀bà, ọmọ mi náà jẹ díẹ̀. Ó padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀, n kò bá a já a, Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ gan-an kí òun fúnra rẹ̀ tó já a.

Ó ń jẹun báyìí. N kò sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àbúrò bàbá rẹ̀ kí wa wá, ó rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti kún, o ti ń sanra bọ̀." Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ọmọ mi dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì bí mo ṣe bù ú, ti ọjọ́ kejì náà sì wà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń tẹ́tí sí i bó bá lọ sẹ́yìnkùlé lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí, fún ẹni tó bi mí. N kò bá olè pàdé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wá ra ọjà lọ́wọ́ ọmọ mi ló fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ wa, ẹni tó sọ ọ́ kò sì mọ ohun tó sọ. Àwọn ọmọ náà tún ń gbé tábìlì lọ sí Ẹnuwá láìpẹ́, ọmọ mi á wà láàárín wọn. Ẹ lè rà, ẹ sì lè má rà. Ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n rù, ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n sanra, ẹ má pe ẹnì kankan ní lẹ́pa, ẹ má sì sọ pé ara wọn ti dáa. Ẹ jọ̀ọ́, báàgì ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.